Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olórí ìjọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù: ẹ mú wa dé Bunhill Fields

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú Olúwa, ẹ̀yin àlùfáà, pásítọ̀, wòlíì àti alàgbà, pẹ̀lú ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí ẹ máa ń ṣètò ìrìn-àjò ìjọ lọ́dọọdún,

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ kú ìtọ́jú agbo. Ẹ kú wàhálà owó gbọ̀ngàn tí kì í dín kù.

Mo mọ̀ pé ètò ìrìn-àjò ti ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti ń ná owó bọ́ọ̀sì, àwọn ìyá ìjọ sì ti ń pín ẹni tí yóò se ìrẹsì àti ẹni tí yóò se mọ́ínmọ́ín. Bó ṣe máa ń rí náà ni: Margate tàbí Southend, àdúrà nínú ọkọ̀, eré lórí iyanrìn, kí gbogbo wa sì ti padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. N kò bá Margate jà. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, àwa àgbà náà sì nílò afẹ́fẹ́ òkun lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Àwọn tí ọwọ́ wọn tó o nínú wa ń forúkọ sílẹ̀ fún Jerúsálẹ́mù, wọ́n á sì padà dé pẹ̀lú JP lẹ́yìn orúkọ wọn àti omi Jọ́dánì nínú ike. Ìyẹn náà dára.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ fi ibì kan kún un, ibi tí owó ọkọ̀ rẹ̀ kò ju ti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ lọ. Itẹ́ òkú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ju lẹ́tà náà sílẹ̀. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ itẹ́ òkú ṣe máa ń rí létí ẹni tó fi gbogbo òru ọjọ́ Ẹtì gbàdúrà ogun. Bunhill Fields ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ City Road ló wà, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Old Street. Ilé gogoro àwọn oníṣòwò owó àti àwọn oníkọ̀ǹpútà ló yí i ká, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì sì máa ń jókòó sábẹ́ igi rẹ̀ lọ́sàn-án láti jẹ búrẹ́dì. Láti nǹkan bí ọdún 1665 ni wọ́n ti ń sin òkú síbẹ̀, títí wọ́n fi tì í ní 1854. Àwọn tó sùn síbẹ̀ lé ní 120,000.

John Bunyan wà níbẹ̀. Isaac Watts wà níbẹ̀, ẹni tó kọ púpọ̀ nínú orin ìsìn tí a jogún. Daniel Defoe tó kọ Robinson Crusoe wà níbẹ̀, àti William Blake akéwì, àti Susanna Wesley tó bí John àti Charles, àwọn tó dá Ìjọ Elétò sílẹ̀. Bí ẹ bá sọdá títì City Road, John Wesley fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ́ ní 1778. Mo ti lọ sí àwọn ibi ìtàn díẹ̀ nílùú yìí, n kò sì mọ ibòmíràn tí lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìgbàgbọ́ Kristẹni ti súnmọ́ ara wọn tó báyìí, tí ọmọ Yorùbá kan sì lè dúró sí àárín wọn kó sọ pé ìpín òun wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ó ní, kí ló kó gbogbo wọn jọ sí ilẹ̀ kan ṣoṣo? Ìdí rẹ̀ ni mo fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin gan-an, dípò kí n kọ ọ́ sí àwọn oníléèwé. Ilẹ̀ yẹn kò sí lábẹ́ ìjọ ìjọba. Lẹ́yìn tí Ọba Charles Kejì padà sórí oyè ní 1660, ìjọba ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ máa gbà sin Ọlọ́run. Òfin 1662 lé nǹkan bí 2,000 ìránṣẹ́ Ọlọ́run kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn nítorí pé wọn kò gba ìwé àdúrà ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òfin 1664 wá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ènìyàn tó ju márùn-ún lọ, yàtọ̀ sí àwọn ará ilé, péjọ láti sìn lọ́nà mìíràn. Àwọn tó kọ̀ ń sìn nínú abà, nínú igbó, ní yàrá òkè tí wọ́n háyà. Wọ́n a fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà kó máa ṣọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n gbé wá sí Bunhill, níbi tí oníwàásù tiwọn ti lè sin wọ́n bó ṣe wù ú. Ẹ̀yin ará Áńgílíkà, ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni mò ń sọ.

Ẹ wá wo ara wa. Ní agbègbè Southwark nìkan, ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú lé ní igba, àwọn Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Níbo ni a ti ń sìn? Nínú ilé ìkẹ́rùsí lẹ́yìn Old Kent Road, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé tí a gbọ́dọ̀ ti gbá mọ́ kí aago kan tó lù, nítorí ìjọ mìíràn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Káńsù ń kọ̀wé pé ilé iṣẹ́ ni ibẹ̀, kì í ṣe ilé ìsìn. Aládùúgbò ń kọ̀wé nítorí ìlù. Kò sẹ́ni tó ń mú wa lọ sẹ́wọ̀n, n kò sì fẹ́ fi ìyà wa wé ti Bunyan. Ìyà tirẹ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ń wò. Nígbà tí ilé ìwé bá kó wọn lọ wo kàtídírà ńlá, wọ́n máa ń padà wálé pẹ̀lú èrò pé ìyẹn ni ìsìn Kristẹni ti ilẹ̀ yìí, pé tiwa tí a ń ṣe lókè ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ohun àlejò tí a kó wọ̀lú. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé yàrá tí a háyà, aláṣẹ tó ń bínú, oníwàásù tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ lọ́jọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni gbogbo ìyẹn ti wà kí bàbá ńlá wa kankan tó gbọ́ orúkọ Jésù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Bunyan, nítorí òun ló sún mọ́ wa jù. Elstow, abúlé kan lẹ́bàá Bedford, ni wọ́n ti bí i ní 1628. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni títún ìkòkò àti páànù tó lu ṣe, iṣẹ́ náà ló kọ́. Nígbà tó fẹ́ ìyàwó àkọ́fẹ́, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé àwọn kò ní àwo kan tàbí ṣíbí kan láàárín àwọn méjèèjì. Ìwé ẹ̀sìn méjì tí bàbá ìyàwó fi sílẹ̀ nígbà tó ń kú ni ìyàwó gbé wọlé ọkọ. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù láìní ìwé ẹ̀rí kankan, láìsí bíṣọ́ọ̀bù tó gbọ́wọ́ lé e lórí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1660 wọ́n mú un nínú ilé oko kan níbi tó fẹ́ ti bá àwọn ènìyàn díẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un kí wọ́n tó dé pé ìwé àṣẹ ti jáde, kí ó tètè máa lọ. Kò lọ.

Òfin tí wọ́n fi dá a lẹ́jọ́ ti wà láti ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, láti 1593. Wọ́n ní kó ṣèlérí pé òun kò ní wàásù mọ́, kó máa lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kọ̀. Ọdún méjìlá ló lò nínú ẹ̀wọ̀n Bedford, ó ń fi òwú hun okùn bàtà tí wọ́n á lọ bá a tà kí ilé lè jẹun.

Ẹni tí n kì í lè kọjá lára rẹ̀ nínú ìtàn yìí ni ìyàwó rẹ̀ kejì, Elizabeth. Ìyàwó àkọ́fẹ́ ti kú, ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀. Mary tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ afọ́jú. Elizabeth, ọmọdébìnrin ni, kò tíì ju nǹkan bí ọdún kan lọ nílé ọkọ, oyún sì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti mú bàbá. Ìpayà náà bẹ́ oyún lójú. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi rọbí, ọmọ náà kú. Obìnrin yìí kan náà ló dìde lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti fi ìwé ẹ̀bẹ̀ lé ọ̀kan nínú àwọn olóyè ìlú lọ́wọ́. Wọ́n ní kó padà lọ bá àwọn adájọ́ ní Bedford. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1661, ó wọlé tọ àwọn adájọ́ lọ ní ilé àlejò Swan, ojú ń tì í, ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì sọ ẹjọ́ ọkọ rẹ̀. Adájọ́ Matthew Hale fi pẹ̀lẹ́tù gbọ́ ọ. Adájọ́ kejì jágbe mọ́ ọn. Wọ́n bi í bóyá ọkọ rẹ̀ yóò fi ìwàásù sílẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá ṣì lè sọ̀rọ̀, kò jẹ́ dán an wò. Ó sọ fún wọn lójú wọn pé nítorí pé ọkọ òun jẹ́ atúnkòkòṣe àti tálákà ni wọ́n ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ tí kò fi rí ìdájọ́ òdodo gbà. Ó sunkún bó ṣe ń jáde. Ó ní kì í ṣe torí pé ọkàn wọn le sí òun bí kò ṣe pé òun ń ronú ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí yóò rí sọ lọ́jọ́ tí Olúwa bá dé.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ ti kó ìwé lọ síwájú Home Office nítorí ọkọ, nítorí ọmọ, tí wọ́n ti fi èdè tí kì í ṣe tiyín bi yín léèrè títí omi fi bọ́ lójú yín, ẹ mọ obìnrin yẹn. Mo fẹ́ kí ẹnì kan dúró níwájú ibojì ọkọ rẹ̀ kó sọ ìtàn Elizabeth sókè, nítorí orúkọ rẹ̀ kò hàn lórí òkúta ńlá náà.

Òkúta yẹn fúnra rẹ̀ yẹ ní wíwò. Ère Bunyan ni, ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ọdún 1862 ni wọ́n ṣe é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gbẹ́ ọkùnrin tó gbé ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ ba. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ọkùnrin náà ti dé ẹsẹ̀ àgbélébùú, ẹrù ti já bọ́. Ẹni tó bá ti ka Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, ìwé Bunyan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní The Pilgrim's Progress, kò nílò atọ́nà.

Ìwé yẹn sì ni ó jẹ́ kí n máa sọ pé ìpín wa wà níbẹ̀. Apá kìíní jáde ní 1678, ekejì ní 1684, ó sì ti di kíkà ní èdè tó lé ní igba. Ẹni tó gbé e wọ èdè wa ni David Hinderer, ọmọ Jámánì tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, rán wá, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Anna fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn láti 1853. Nígbà tí Ogun Ìjàyè dé, ọ̀nà etíkun dí mọ́ wọn lójú, oúnjẹ wọ́n wọn, aṣọ wọ́n wọn. Mo máa ń rò ó pé àwọn Onígbàgbọ́ Kúdẹtì ìgbà náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìrìn-àjò eléwu fún wọn. Bí ènìyàn bá fi ìlú sílẹ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ó lè bọ́ sọ́wọ́ agbénipa, ó lè bọ́ sọ́wọ́ akónilẹ́rú. Kò sí ìgbà tí ẹrù tó wà lẹ́yìn Èrò Mímọ́ yóò ṣàjèjì sí alárù Ìbàdàn.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ ilé ìwé kan láti Òkè-Igbó, D. O. Fágúnwà, kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, CMS sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá ti sọ pé ipasẹ̀ Bunyan hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èmi gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ilé Ìrágbèje tó ní ojúlé méje, níbi tí àwọn ọdẹ tó lọ sí Òkè Lángbòdó ti jókòó gba ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ méje. Ẹ wo ilé Olùtumọ̀ níbi tí Bunyan ti mú èrò rẹ̀ wọ yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn láti kọ́ ọgbọ́n. Ẹ wo Ìmọ̀dóye láàárín àwọn ọdẹ, tí orúkọ rẹ̀ ń sọ ìwà rẹ̀ bíi ti àwọn ènìyàn inú ìwé Bunyan. Ṣùgbọ́n Fágúnwà kò gba ọ̀nà náà bó ṣe bá a. Ó kó iwin kún un, ó kó ẹbọra, ọfọ̀, ẹ̀fẹ̀ àti onírúurú oúnjẹ, títí igbó náà fi di tiwa pátápátá. Ohun kan wà tó máa ń yà mí lẹ́nu níbi tí ìwé méjèèjì ti pàdé: èrò Bunyan fi ìka di etí kó má baà gbọ́ igbe ìyàwó àti ọmọ tó ń pè é padà, Kàkó ti Fágúnwà fi àdá pa ìyàwó tó dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ lọ. Ọkùnrin tó ń wá ibi gíga kan, obìnrin tó dà bí ìdènà lójú ọ̀nà. Bunyan padà wá ṣàtúnṣe lọ́nà tirẹ̀ ní apá kejì, níbi tí ìyàwó àti àwọn ọmọ ti gbéra fún ìrìn-àjò tiwọn. Apá kejì yẹn ni a kì í kà. Bí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ kan bá ń wá ìwé tí wọ́n máa jọ kà, ẹ fún wọn ní ìyẹn.

Watts. Bí ẹ bá ń kọ orin láti inú Ìwé Orin Mímọ́, ẹ ti ń bá a gbé láìmọ̀. Orin Kérésì tó ní kí ayé yọ̀ nítorí Olúwa dé, tirẹ̀ ni. Èyí tó wo àgbélébùú tó sì ka gbogbo èrè ayé sí òfo, tirẹ̀ ni, láti 1707. Èyí tí a ń kọ níbi ìsìnkú àti ní ìparí ọdún, tó ń sọ pé Ọlọ́run ni ìrànlọ́wọ́ wa láti ọjọ́ pípẹ́, inú Sáàmù 90 ló ti fà á yọ ní 1719. Wọ́n ti ju bàbá rẹ̀ náà sẹ́wọ̀n ní Southampton nítorí ìsìn nígbà tí Watts wà ní ọmọ ọwọ́. Ó kúrú, ara rẹ̀ kò le, ó sì lọ kí ìdílé Abney fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló lò lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ ló kú sí ní 1748. Ẹ̀yin tí ẹ ní àlejò tó ní òun kàn ń kọjá lọ, ẹ rántí Watts kí ẹ tó bínú.

Defoe le díẹ̀. Mo fẹ́ kí a dúró síbẹ̀ gan-an, kí a má sì fi ìwà pẹ̀lẹ́ kọjá lọ. Olùyapa ni òun náà, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀ láti sìn lábẹ́ ìjọ ìjọba, wọ́n sì gbé e sínú àbà ìtìjú lójú ọjà ní 1703 nítorí ìwé tó fi ṣẹ̀fẹ̀ àwọn tó fẹ́ tẹ àwọn Olùyapa rì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ka Robinson Crusoe nílé ìwé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Iléṣà: ọkùnrin kan, erékùṣù kan, Friday, àgbòjò tí wọ́n fi awọ ṣe. Ẹ padà lọ ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Crusoe fúnra rẹ̀ ti ṣẹrú rí, ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Xury ló bá a sá. Ọmọ náà ṣèlérí ìṣòótọ́ fún un, ó bá a wa ọkọ̀, ó bá a wá omi mu, ó ní bí àwọn ẹhànnà ènìyàn bá wá, kí wọ́n jẹ òun kí Crusoe lè sá lọ. Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ Pọtogí kan gbà wọ́n, Crusoe ta Xury fún un ní ọgọ́ta owó fàdákà. Ọ̀gá ọkọ̀ ní òun á dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, bí ó bá di Kristẹni. Crusoe gba owó. Ó dé Bahia ní Brazil, ó dá oko, ó sì wá kábàámọ̀ pé òun ta Xury, nítorí pé òun nílò ẹni tí yóò bá òun ṣiṣẹ́. Ibo ni ọkọ̀ tó rì tó gbé e dé erékùṣù ń lọ? Etíkun Guinea, láti lọ kó ẹrú wá fún òun àti àwọn olóko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní erékùṣù náà, ó ka Bíbélì, ó sunkún, ó ronú pìwà dà nítorí àìgbọ́ràn sí bàbá rẹ̀. Kò sí ibì kankan tó ti ronú pìwà dà nítorí àwọn tó ń lọ kó. Bahia yẹn ni wọ́n padà wá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá lọ. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa dúró síwájú òpó òkúta Defoe, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ Xury sókè, kí wọ́n sì béèrè ohun tó bá wà lọ́kàn wọn lọ́wọ́ ẹ̀yin pásítọ̀ níbẹ̀. Bí a bá ń sọ fún wọn pé ogún ìgbàgbọ́ yìí jẹ́ tiwa náà, ẹ jẹ́ kí á gbà á tòun ti àbùkù rẹ̀. Ọmọ tí a bá fi ìyẹn pamọ́ fún nílé, yunifásítì ni yóò ti gbọ́ ọ, ẹni tó máa sọ fún un kò sì ní sọ ìyókù.

Ìyókù náà wà lódì kejì títì. Wesley kọ ìwé lòdì sí òwò ẹrú ní 1774, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́lá tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń jẹ nínú owó rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1791, ó kọ lẹ́tà sí William Wilberforce, aṣòfin tó ń bá òwò ẹrú jà, pé kó má ṣàárẹ̀ nínú ìjà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé Olaudah Equiano, ọmọ Ìgbò tí wọ́n tà lẹ́rú. Ọjọ́ kejì oṣù kẹta ni Wesley kú, nínú ilé tí ẹ lè wọ̀ lónìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ọdún 1807 ni òfin tó de òwò náà jáde. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọdékùnrin kan láti Òṣogùn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú Pọtogí nítòsí Èkó. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Islington, tí kò jìnnà sí City Road, ni Àjàyí Crowther ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì CMS kí bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù tó fi í joyè àlùfáà ní 1843. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni Thomas Birch Freeman ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, Ìjọ Elétò sì bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. N kò sọ pé lẹ́tà arúgbó kan ló dá Àjàyí sílẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé láàárín títì kan ṣoṣo, ẹni tó kọ̀wé nípa Xury láìbìkítà àti ẹni tó fi agbára ìkẹyìn kọ̀wé nítorí àwọn bíi Xury, orúkọ Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń pè.

Susanna Wesley ńkọ́? Ọmọ mọ́kàndínlógún ló bí, púpọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Nígbà kan tí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà kò sí nílé, ó ń ka ìwàásù sókè fún àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ní irọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọlé, títí wọ́n fi lé ní igba. Ọkọ kọ̀wé pé kò bójú mu. Ó fèsì pé bí ó bá fẹ́ kí òun dá a dúró, kó pàṣẹ rẹ̀ ní kedere, kó má kàn sọ pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìjọ tí obìnrin kì í gun pẹpẹ nínú wọn lè fojú fo òkúta yìí bí wọ́n bá fẹ́. Blake, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ti kọ orin rẹ̀ nípa Jerúsálẹ́mù nílé ìwé, wọ́n á kọ ọ́ fún yín.

Bí a ó ṣe ṣe é kò nira. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dára, kí a lọ ní òwúrọ̀, nítorí wọ́n máa ń ti ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀fẹ́ ni àtiwọlé. Púpọ̀ nínú ibojì wà lẹ́yìn ọgbà irin, kí ẹnikẹ́ni má fo ó. Kí alàgbà kan ka ojú ewé méjì láti inú Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ní Yorùbá, kí akọrin kọ orin Watts kan ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìlù dúró sílé. Mo tún fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹnikẹ́ni má da òróró sórí òkúta kankan, kí a má sì bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ sílé. Mo mọ̀ wá. Lẹ́yìn ìyẹn kí á sọdá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Wesley, níbi tí ìsìn ṣì ń lọ, tí ilé àkójọ ohun àtijọ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín lè tẹ̀ lé e lórí koríko, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti ń jẹun.

Ìjọ tó bá fẹ́ fi kún un lè wọ rélùwéè ní St Pancras lọ sí Bedford, kò tó wákàtí kan. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bunyan wà níbẹ̀, wọ́n sì tọ́jú ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ síbẹ̀.

Mo ti kọ ìtọ́sọ́nà kan sílẹ̀ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́wàá sókè, pẹ̀lú ibi tí wọ́n máa kà ní ibojì kọ̀ọ̀kan. Ìjọ tó bá mú ọjọ́, yálà Áńgílíkà ni o, Onítẹ̀bọmi, Elétò, Àpọ́sítélì, Kérúbù àti Séráfù tàbí Ìràpadà, mo ṣetán láti fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, n ó sì bá wọn rìn. Kìkì pé kí ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ṣáájú kí ẹ tó san owó bọ́ọ̀sì Margate.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù